Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí A Kì Í Pọ́n Àdá Fún

Ní oko ìyá àgbà mi ní ìtòsí Oǹdó, iṣẹ́ ọmọdé ni gígé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé ọmọ orí rẹ̀ tán, tí àwọn àgbà sì ti gbé e sínú agbọ̀n, èmi tí n kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ ni wọ́n máa ń fún ní àdá tó ti kú pátápátá pé kí n bẹ́ ìyókù lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń gbé àdá sókè. Omi á tú jáde lójú ibi tí mo gé, á dà sí mi lẹ́sẹ̀, á tutù ju omi odò lọ, ìtì náà á sì wó lulẹ̀ bí ẹni pé kò ní egungun kankan nínú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá fún, kò sì sí ẹni tó jiyàn rẹ̀ nínú oko wa. Ibi tó bá wó sí la máa ń fi í sí kó jẹrà. Oje rẹ̀ nìkan ni ìyá àgbà mi máa ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀, torí pé bó bá kan aṣọ, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ àbàwọ́n rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń tú ìtì yìí wò nínú yàrá ìwádìí, tí mo ń wá egungun tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò ní. Egungun náà wà níbẹ̀. Nánòsẹ́lúlóòsì ni àwọn onímọ̀ ń pè é: fọ́nrán tó tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí líle rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti irin, bẹ́ẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo irin lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ayé, àwọn ènìyàn ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, mọ́ amọ̀, mọ́ pátákó, kí ilé tí a ń kọ́ lè lágbára sí i láìjẹ́ pé a ń jó òkúta àti epo púpọ̀ sí i. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ ọ́, nítorí inú yíyọ rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó jẹ mí lógún jù: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ omi ni, ẹni tí kò bá sì ka omi sí yóò fi owó àti agbára ṣòfò.

Ní 1838, Anselme Payen, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, fi ásíìdì àti àwọn kẹ́míkà mìíràn fọ oríṣiríṣi igi àti ewéko, ó sì rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹ́ kù nínú gbogbo wọn. Ohun náà ni a wá mọ̀ sí sẹ́lúlóòsì. Ṣúgà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà glukóòsì tó para pọ̀ di iyẹ̀fun inú iṣu àti gbágùúdá, tí a fi ń ṣe àmàlà àti gàrí, òun náà ni ewéko ń so pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, títí okùn kan yóò fi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀. Bí a ṣe so ìlẹ̀kẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ti gbágùúdá ń ká kò, omi gbígbóná sì lè wọ inú rẹ̀ kó wú. Ti sẹ́lúlóòsì ń lọ tààrà, okùn kan ń sùn ti èkejì, wọ́n sì ń di ara wọn mú ní ibi tí kò lóǹkà, débi pé omi kì í rí àyè wọ àárín wọn mọ́. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ 18 sí 36 bá dì mọ́ra, wọ́n di fọ́nrán kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nànómítà 3 sí 5. Irun orí ènìyàn kan fẹ̀ tó nànómítà 80,000. Nítorí náà, fọ́nrán tí mo ń sọ yìí, bí a bá to ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò ju ìbú irun kan lọ.

Ewéko kì í sì í fi fọ́nrán yìí sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògiri ahéré oko, tí wọ́n á kọ́kọ́ to ọ̀pá, tí wọ́n á fi ìtàkùn dì í, kí wọ́n tó wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ti mọ bí ara igi ṣe rí. Sẹ́lúlóòsì ni ọ̀pá, hẹmisẹ́lúlóòsì ni ìtàkùn, lígínìn sì ni amọ̀. Iṣẹ́ wa kò ju kí a fọ amọ̀ dànù, kí a tú ìtàkùn, kí a sì kó ọ̀pá jọ láìṣẹ́ ẹ lọ. Lígínìn tó wà nínú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kéré sí ti igi gẹdú, èyí tó túmọ̀ sí pé amọ̀ ara ògiri rẹ̀ kò nípọn. Rírọ̀ tí ó mú kí àdá tó kú gé e, òun kan náà ló mú kí ó rọrùn fún mi láti tú u palẹ̀. Ohun tí a torí rẹ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ ni oore rẹ̀.

Ohun tó ń fọ amọ̀ náà dànù kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ìyá àgbà mi ń se ọṣẹ dúdú tà. Èèpo kòkó ni ó máa ń sá gbẹ, á jó o títí yóò fi di eérú funfun, á kó eérú náà sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, á sì máa rọra da omi lé e lórí. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ máa ń pọ́n bí omi tíì. Kì í tọ́ ọ wò. Orí àtàǹpàkò ni ó máa ń kán an sí, á fi ìka kejì pa á. Bí ó bá ń yọ̀ bí ilá, omi eérú náà ti tó iṣẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Ní ọjọ́ kan, mo ju èèpo ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kan sínú ìkòkò omi eérú tó ń hó, nítorí pé mo ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n fi igi yọ ọ́ jáde ní ọjọ́ kejì, kò jọ èèpo mọ́. Ó ti tú sí fọ́nrán, ó rọ̀, ó ń dán, ó gùn bí irun ẹṣin. Mo rò pé wọ́n á nà mí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n ká a jọ, wọ́n sì fi ṣe kànìnkànìn tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò fún oṣù bíi mélòó kan.

Ohun tí mo ń ṣe lónìí kò jìnnà sí èyí. Mo máa ń bó ìtì náà ní ìpele-ìpele, mo ń gé e kéékèèké, mo sì ń sá a. Ibí ni omi ti kọ́kọ́ fara hàn: bí mo bá gbé kílò mẹ́wàá ìtì tútù sóòrùn, èyí tó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tó bá gbẹ tán kì í tó kílò kan. Lẹ́yìn náà ni mo ń sè é nínú omi tí a po kọ́sítììkì sódà mọ́, ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bí 80°C fún wákàtí méjì, mo ń da omi náà nù, mo sì ń tún un ṣe. Omi àkọ́kọ́ máa ń dúdú bí àgbo. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì á pọ́n, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Láàárín èyí àti òmíràn, fífọ̀ ni: omi lórí omi, títí ìka kò fi ní yọ̀ mọ́. Àwo kan wà tí mo fi ń wọn omi tí mo ń lò, mo sì ti rí i pé fífọ̀ nìkan máa ń gba omi ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Lẹ́yìn èyí ni mo ń fi hydrogen peroxide pa á láró kúrò, tí àwọ̀ ilẹ̀ tó kù lára rẹ̀ á ṣí, tí á sì funfun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó funfun lójú mi, bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣà lóko, mo pe gbogbo ẹni tó wà ní ilé náà pé kí wọ́n wá wò ó.

Síbẹ̀, òwú funfun yìí kò tíì di nánò. Ìdìpọ̀ ọ̀pá ni ṣì jẹ́, ọ̀nà méjì gbòógì ni a sì ń gbà tú u. Ọ̀kan ni ásíìdì: sulfuric acid, èyí tí àwọn rewáyà mọ̀ sí omi bátìrì, ṣùgbọ́n tí a mú kí ó le tó ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Ásíìdì náà ń jẹ ibi tí fọ́nrán ti rọ̀, ó ń fi ibi tó le sílẹ̀ ní kéékèèké bí hóró ìrẹsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sábà gùn ju nànómítà 100 sí 200 lọ nígbà tí ó bá jẹ́ ti òwú. Ọ̀nà kejì ni kí a fi agbára ya fọ́nrán kúrò lára fọ́nrán láìgé e kúrú. Ìtàn ọ̀nà kejì yìí dùn mọ́ mi. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Albin Turbak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ITT Rayonier ní Amẹ́ríkà da pápù igi, ìyẹn igi tí a ti sè di òwú rírọ̀ bí èyí tí a fi ń ṣe ìwé, sínú ẹ̀rọ tí àwọn oníwàrà fi ń fún wàrà gba ojú ihò tóóró kí ọ̀rá má baà léfòó. Ohun tó jáde ní ẹnu ẹ̀rọ náà ki bí ògì. Ní 1983 ni wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni iná mànàmáná: nígbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ṣíṣe tọ́ọ̀nù kan lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè jẹ iná tó nǹkan bí 27,000 kilowatt-wákàtí, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn kọ́lé.

Ilẹ̀ Japan ni ìrànlọ́wọ́ kan ti wá. Ní 2006, Akira Isogai àti Tsuguyuki Saito ní Yunifásítì Tokyo fi hàn pé bí a bá fi kẹ́míkà kan tí à ń pè ní TEMPO tọ́jú fọ́nrán náà kí a tó lọ̀ ọ́, ara fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á gba agbára iná irú kan náà, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn sẹ́yìn, bí ẹni méjì tí kò fẹ́ fara kan ara wọn lórí àga kan. Ìjà inú wọn ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ì bá ṣe. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Yoshiharu Nishiyama, gba ẹ̀bùn Marcus Wallenberg ní 2015 nítorí iṣẹ́ yìí. Èmi kò rí owó TEMPO, nítorí náà ẹ̀rọ olókùúta méjì ni mo ń lò: òkúta kan dúró, èkejì ń yí lórí rẹ̀, òwú funfun tí a ti po mọ́ omi sì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá mọ ọlọ àti ọmọ ọlọ ti mọ ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí mo bá ti lọ̀ ọ́ ní ìgbà bíi mẹ́wàá sí márùndínlógún, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ tí kì í sú mi láti wò. Omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ á dúró. Bí mo bá dorí abọ́ kodò, kò ní dà. Ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ki, ó dà bí ẹ̀kọ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dì, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ṣíbí rò ó, á tún ṣàn bí omi, bí mo bá sì yọ ṣíbí, á tún dúró. Nínú kílò kan ohun yìí, gíráàmù 20 péré ni sẹ́lúlóòsì. Omi ni gíráàmù 980 tó kù. Fọ́nrán díẹ̀ ló ń di omi púpọ̀ yẹn mú, nítorí pé bí a ti ń ya wọ́n sí wẹ́wẹ́ ni ara tí omi lè rọ̀ mọ́ ń pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo fi abọ́ ẹ̀kọ yìí sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbóná kí ó lè gbẹ, kí n lè gbé e pamọ́ bí ìyẹ̀fun, nítorí pé ìyẹ̀fun ló rọrùn láti gbé. Ní Ọjọ́ Ajé, ohun tí mo bá ní ìsàlẹ̀ abọ́ ni awọ tín-ín-rín kan tó ń dán, tó ń dún paka bí mo bá fi èékánná lù ú. Mo rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo sè é. Mo lọ̀ ọ́. Ó rọ̀ díẹ̀, ó sì tú sí èérún, ṣùgbọ́n kò padà di ẹ̀kọ mọ́ láéláé. Nígbà tí omi fi àárín wọn sílẹ̀, àwọn fọ́nrán náà súnmọ́ ara wọn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bí wọ́n ti ṣe nínú ìtì, wọn kò sì jẹ́ kí omi wọlé mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe láti yà wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta gbígbóná ti so ó padà. Ọ̀nà wà láti gbẹ ẹ́ láìba á jẹ́, bíi kí a sọ ọ́ di yìnyín kí a tó fa omi rẹ̀, tàbí kí a fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, ṣùgbọ́n owó àti iná ni gbogbo wọn ń jẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló dá mi lóhùn. Sìmẹ́ńtì, tí gbogbo wa fi ń kọ́lé, ń ti inú òkúta ẹfun wá. Ní Ewékorò, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti 1960, irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ bí ti ibòmíràn: wọ́n ń wa òkúta náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n sì ń yan án ní nǹkan bí 1,450°C. Kì í ṣe èéfín epo tí wọ́n ń jó nìkan ló ń lọ sójú ọ̀run. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ń tú gáàsì kábọ́ǹ tó ti wà nínú rẹ̀ láti ayébáyé sílẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè yan án tí kò ní tú u. Nínú gbogbo gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sílẹ̀, sìmẹ́ńtì ló ni nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlú tó ń kọ́lé lójoojúmọ́ bíi tiwa kò lè dẹ́kun láti kọ́lé, ṣùgbọ́n bí a bá lè mú kí sìmẹ́ńtì díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀, a ti ṣe ohun gidi.

Mo gbé fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ti ń ṣe bíríkìlà láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Èyí ṣẹlẹ̀ kí n tó mọ̀ tó bí mo ṣe mọ̀ lónìí, nítorí náà fọ́nrán tí a kàn bó tí a sì sá gbẹ ni mo gbé lọ, èyí tí n kò tíì fi nǹkan kan fọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Kí lo tún gbé dé, ọmọ mi?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n sì ní kí lébìrà wọn po yanrìn àti sìmẹ́ńtì. A ge fọ́nrán náà sí i, a sì lu búlọ́ọ̀kù mẹ́fà. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi èékánná họ eteetí ọ̀kan, ó sì ń wó dànù bí yanrìn tútù. Àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n lù fún oníṣẹ́ wọn ní ọjọ́ kan náà ti le. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sì wo ojú mi.

"Ṣé o da ṣúgà sí i ni?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá, ni mo bá rántí. Mo dà á, láìmọ̀. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún fún ṣúgà, hẹmisẹ́lúlóòsì náà sì ń yọ́ sínú omi sìmẹ́ńtì, ṣúgà kékeré sì tó láti dá sìmẹ́ńtì dúró kí ó má baà dì. Àwọn bíríkìlà mọ èyí láìka ìwé kankan: wọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agolo mínírà fa omi síbi tí wọ́n ti ń po kọnkéré. Wọ́n tún sọ ohun kan tí mo rí nígbà tó yá pé òtítọ́ ni, pé bí ó tilẹ̀ dì, kò ní pẹ́ tí koríko tí a kò sè yóò fi jẹrà nínú rẹ̀, "torí sìmẹ́ńtì ń jẹ nǹkan." Ó ń jẹ nǹkan lóòótọ́. Omi inú kọnkéré ń yọ̀ bí omi eérú ìyá àgbà mi, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ó ń jẹ lígínìn àti hẹmisẹ́lúlóòsì. Fọ́nrán tí a kò fọ̀ yóò jẹ́ fífọ̀ nínú ògiri, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n sẹ́lúlóòsì tí a ti fi omi irú rẹ̀ sè ní ẹ̀ẹ̀mẹta kò ní ohun púpọ̀ mọ́ tí omi náà lè jẹ. Ìdí nìyẹn tí pápù igi tí a ti sè dáadáa fi rọ́pò asbestos nínú pátákó sìmẹ́ńtì ní Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí irú pátákó bẹ́ẹ̀ sì wà lára ilé káàkiri ayé títí di òní.

Nánò wá lọ jìnnà ju pápù lọ, torí pé ibi tí sísán ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu àkọ́kọ́ tí kọnkéré ń yà kéré ju ohun tí fọ́nrán ńlá lè dí lọ. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, lára wọn ni Pablo Zavattieri, Jason Weiss àti Jeffrey Youngblood, tẹ̀ ẹ́ jáde pé nánòsẹ́lúlóòsì oníhóró tó jẹ́ ìdá 0.2 péré nínú ọgọ́rùn-ún àyè tí sìmẹ́ńtì gbà, kì í ṣe ti ìwúwo rẹ̀, mú kí agbára rẹ̀ láti kọ títẹ̀ lé sí i ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Wọ́n ní kì í ṣe pé fọ́nrán náà ń di sìmẹ́ńtì mú bí irin nìkan ni, ó ń bá a gbé omi. Nígbà tí hóró sìmẹ́ńtì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, èèpo líle kan máa ń bò ó, omi kì í sì í lè dé inú mọ́, débi pé ọ̀pọ̀ sìmẹ́ńtì tí a fowó rà ń wà nínú ògiri láìṣiṣẹ́. Nánòsẹ́lúlóòsì dà bí ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà la èèpo náà kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bomi rin búlọ́ọ̀kù láti òde fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ń bomi rin ín láti inú.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50. Nítorí pé àyè ni a fi wọ̀n ọ́n, tí nánòsẹ́lúlóòsì sì fúyẹ́ ju sìmẹ́ńtì lọ, ìdá 0.2 yẹn já sí nǹkan bí gíráàmù 50 nánòsẹ́lúlóòsì, ohun tí kò kún ìkúùkù. Bí ó bá wà nínú ẹ̀kọ tí mo ṣàpèjúwe lókè, lítà méjì àbọ̀ ni. Omi tí àpò kan sì ń gbà tó nǹkan bí lítà 25. Ìyẹn ni pé omi tí mo fẹ́ fi iná àti owó lé kúrò nínú ẹ̀kọ náà, omi tí bíríkìlà yóò tún bù sí i ni. Kò sí ìdí tí a fi ní láti gbẹ ẹ́. Lítà méjì àbọ̀ ẹ̀kọ, lítà méjìlélógún àbọ̀ omi kànga, iṣẹ́ parí. Nínú ìṣirò tèmi, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó dára lè pèsè èyí tó tó fún bí àpò méjì.

Èyí ni mo fi ń tako èrò tó wọ́pọ̀ láàárín wa pé kí a dúró di ìgbà tí ohun yìí yóò gba ojú omi dé. Ní Windsor, ní ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà, ilé iṣẹ́ CelluForce bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti ara igi ní 2012, tọ́ọ̀nù kan lójúmọ́ sì ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà láti máa ṣe. Ní 2020, wọ́n po irú rẹ̀ mọ́ kọnkéré tí wọ́n fi kọ́ afárá kan ní agbègbè Siskiyou ní California. Mo yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó jẹ́ pé ìdá 98 rẹ̀ jẹ́ omi kì í ṣe ohun tí à ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì wọ́n nítorí pé wọ́n ti sanwó láti yọ omi tí àwa yóò tún dà padà sí i. Ohun tí kò ṣeé gbé jìnnà, ìtòsí ni a ti ń ṣe é, bí a ti ń ṣe ògì. Ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ tí wọ́n sì ti ń kọ́lé ni ó yẹ kí ẹ̀rọ olókùúta méjì wà, láti Oǹdó dé Ìjẹ̀bú, kí ẹni tó fẹ́ da ilẹ̀ ilé rẹ̀ lè gbé jálá lọ rà á ní òwúrọ̀.

Omi dúdú ni ìṣòro tó kù, èyí tó ń jáde nínú sísè. Ibì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n ti ń dà á sí gọ́tà lásán, koríko kan kò sì hù ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà mọ́. Sódà inú rẹ̀ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti padà sídìí eérú. Eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe sódà, pọ́táṣì ni, pọ́táṣì sì ni oúnjẹ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wá jù nínú ilẹ̀. Mo ti fi omi eérú sè é: ó pẹ́ ju ti sódà lọ ní ìlọ́po méjì, funfun rẹ̀ kò sì tó, ṣùgbọ́n bíríkìlà wo ló ń wá sìmẹ́ńtì funfun? Omi tó jáde níbẹ̀, nígbà tí mo bá ti fi ọtí kíkan ba gbígbóná rẹ̀ jẹ́ tí mo sì ti fi omi púpọ̀ là á, ni mo ń dà sí ìdí àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a gé. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí níbi ìsìnkú láti kékeré, n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí eérú àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi pọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nánòsẹ́lúlóòsì kò rọ́pò irin nínú òpó tàbí dẹ́kìn, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ pa yín. Ó ń ṣèrànwọ́ fún títẹ̀ ju fún ẹrù tí à ń gbé lé nǹkan lórí lọ. Bí a bá sì dà á jù, ó máa ń di ìṣù, kọnkéré á ki jù, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, á sì burú ju èyí tí a kò da nǹkan kan sí lọ. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rò pé bí ìkúùkù kan bá dára, mẹ́ta á sàn jù.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi da pẹpẹ méjì sí ẹ̀yìn ilé wọn, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Sìmẹ́ńtì kan náà, yanrìn kan náà, irú omi kan náà. Ẹ̀kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú èyí tó wà lápá ọ̀tún. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bomi rin èyíkéyìí nínú wọn, oòrùn ọyẹ́ sì pa méjèèjì. Ti òsì ti ya ìlà mẹ́ta tí mo lè fi ìka tọ̀. Ti ọ̀tún ní ẹyọ kan, ní igun, tí mo ní láti kúnlẹ̀ kí n tó rí i. Òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù láti sọ bí méjèèjì ṣe rí fún mi, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì ni wọ́n bi mí bóyá mo lè gbé jálá mẹ́rin wá, nítorí pé wọ́n fẹ́ da ilẹ̀ yàrá kan.